Oògùn Oorun Tí Mo Fún Àrìnpé

Ọsibítù Dókítà Adétóyè,
Ọ̀nà Ìjàgbó,
Ọ̀fà.

Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹwàá, ọdún 1988.

Gbádé, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ìwé yìí bá gbogbo yín lórí ìdúró, kí ara yín le, kí ọ̀gínnìtìn Kàdúná má sì rí yín gbé ṣe. Tí o bá ń bèèrè èmi, orúnkún mi ṣì ń gbé mi, ojú mi sì ń ríran tó láti kọ èyí fúnra mi. Oṣù mẹ́jọ péré ni mo lò ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà, mo mọ̀ pé ìwé ọwọ́ mi rí wọ́gọwọ̀gọ, ṣùgbọ́n n kò ní jókòó kí ọmọ ọlọ́mọ máa bá mi kọ ohun tí mo fẹ́ bá ọmọ mi sọ. Fara balẹ̀ kà á. Ibi tí kò bá yé ọ, tún un kà.

Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ mi. O ní o gbọ́ pé wọ́n ń fi iná mànàmáná sí orí àbúrò rẹ, o ní ọpọlọ rẹ̀ ni wọ́n ń jó, o ní kí n palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, pé o ń bọ̀ wá fi mọ́tò gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ Ààfáà kan ní Òjòkú lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Gbádé, n kò palẹ̀ nǹkan kan mọ́. Ẹnu èèyàn ni ìwọ ti gbọ́ tìrẹ, èmi ni mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Tí ẹnikẹ́ni bá ṣe ọmọ yìí ní ibi nínú ọsibítù yìí, kì í ṣe Dókítà. Mo ń bọ̀ níbẹ̀.

O kò tíì rí Àrìnpé láti ọjọ́ tí a sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ, nítorí náà jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Ó di ọ̀sẹ̀ keje tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó kọ́kọ́ dákẹ́, lẹ́yìn náà kò jẹun mọ́, lẹ́yìn náà ó kọjú sí ògiri bí ẹni tí wọ́n dè mọ́ ọn. Ọkọ rẹ̀, Oyètúndé, gbé e wá bá mi pẹ̀lú omi lójú, ọmọ náà sì wà lọ́dọ̀ ìyá Oyètúndé ní Ìjàgbó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Dókítà fi fún un ní oògùn oníhóró, kò yí padà. Ọwọ́ rẹ̀ tí o máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó sanra bí iṣu ti tín-ín-rín, omi tí wọ́n ń fà sí i lára ló ń gbé ẹ̀mí rẹ̀ ró. Ìgbà náà ni Dókítà sọ pé ó ku ti iná.

Mo bá a jà. Mo ní, ṣé ọmọ mi ni ẹ fẹ́ pa bí ẹran? Ó gbé àga fún mi, ó ní, "Mama, ẹ jókòó. Kì í ṣe iná ni oògùn náà. Gìrì tí iná bá pè wá ni oògùn. Gìrì yẹn gbọ́dọ̀ wá dáadáa, ó gbọ́dọ̀ pẹ́ tó, kí orí rẹ̀ tó lè ṣí. Tí kò bá pẹ́, bí ìgbà tí a ò ṣe nǹkan kan ni." Wọ́n á fún un ní abẹ́rẹ́ oorun kó má mọ nǹkan kan. Wọ́n á tún fún un ní èyí tó ń dẹ ara, kó má baà gbọ̀n débi tí yóò fi ṣèṣe. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó fún un ní ìkejì yìí, wọ́n á fi rọ́bà tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru di ẹsẹ̀ kan pinpin, kí abẹ́rẹ́ náà má dé ibẹ̀. Ẹsẹ̀ yẹn nìkan ni yóò gbọ̀n. Òun ni Dókítà ń wò, tí ó sì ń fi aago ọwọ́ rẹ̀ ka ìṣẹ́jú àáyá. Ó ní òun ń fẹ́ kó ju mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ. Èmi náà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo ń fi tẹ̀sùbáà mi kà á. Ohun tí mo kà àti ohun tí aago rẹ̀ sọ kì í fi ju méjì mẹ́ta yàtọ̀ síra wọn.

Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ yẹn gbọ̀n fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìndínlógójì. Nírọ̀lẹ́, Àrìnpé fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ife omi lọ́wọ́ mi, ó sì mu ún tán. Mo lọ sẹ́yìn ilé ìdáná wọn, mo sunkún ayọ̀, mo nu ojú mi kí n tó wọlé. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó jẹ́ mọ́kàndínlógún. Ọjọ́bọ̀, ó di méjìlá. Ife omi yẹn, kò gbà á mọ́.

Gbogbo wa wá ń wá ohun tó fà á. Nọ́ọ̀sì Roseline kọ́kọ́ di ẹ̀bi ru èmi. Ṣé o mọ̀ pé ọmọ tèmi kò ní sùn níwájú àlejò kí orí rẹ̀ rí bí igbó. Mo ti fi òrí para fún un láti iwájú dé ìpàkọ́, mo sì dì í ní ṣùkú. Roseline ní òróró ti ṣàn dé ẹ̀bátí, pé kò ní jẹ́ kí iná wọlé. Ó ń fi sípíríìtì nù ún, ó ń nù ún, mo ní, "Ṣé awọ orí ọmọ mi ni ẹ fẹ́ bó ni?" Ó ní, "Ìyá, òrí tó wà lórí yìí tó láti fi dín ẹyin mẹ́fà." Àwọn tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo jẹ́ kó nù ún, orí náà mọ́ fínnífínní, ẹsẹ̀ kò sì gbọ̀n jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èmi wá di ti NEPA mú. Mo ní, "Dókítà, iná Ọ̀fà tí kò lè mú gílóòbù kan ṣoṣo tàn kó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ṣé òun ni yóò mú èèyàn gbọ̀n?" Ó ní ẹ̀rọ náà ń wọn iná tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo ní kó tan jẹnẹrétọ̀ lójú mi. Ó tàn án. Mo dúró tì í títí ó fi ń dún kíkankíkan kí n tó jẹ́ kí wọ́n padà wọlé. Má rò pé mo ń fi ara mi ṣẹ̀sín, Gbádé. Ìdààmú ni. Èmi tí mò ń hun kíjìpá láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ láìdìde, n kò lè jókòó ìṣẹ́jú márùn-ún mọ́. Mo lọ sẹ́nu ọ̀nà, mo padà. Mo tú ìborùn, mo tún un wé.

Dókítà dín abẹ́rẹ́ oorun kù, ó ní tó bá pọ̀ jù ó lè pa gìrì. Ó fi omi kún omi tó ń wọ ara rẹ̀. Ó gbé báàgì rọ́bà kan lé imú rẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ kí èémí lè pọ̀ nínú rẹ̀. Ó ní ara àgbàlagbà máa ń ṣe agídí sí nǹkan yìí, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Àrìnpé. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Mama, ṣé ó ń lo oògùn mìíràn yàtọ̀ sí tiwa? Oògùn oorun ńkọ́?"

Mo ní, "Oògùn oorun? Nínú ilé tèmi?" Mo tilẹ̀ bínú sí i.

Ọjọ́ Ajé, ó gbé agbára iná náà sókè. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ nìkan ló mì, ó sì tán. Tẹ̀sùbáà mi kò kúrò lórí ìlẹ̀kẹ̀ kẹrin. Dókítà bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó ní, "Ọjọ́bọ̀, màá gbé e dé òpin ibi tí ẹ̀rọ yìí lè dé. Tí kò bá gbọ̀n, mi ò ní fi kàn án mọ́. Ẹ ó gbé e lọ sí Ìbàdàn." Mo wo ọmọ tí ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Pẹ̀lú ara tí mo rí yẹn, kò ní dé Ògbómọ̀ṣọ́ láàyè.

Gbádé, irọ́ ni mo pa fún Dókítà.

Láti ọdún tí bàbá yín ti kú, ọdún kọkànlá rèé, n kò tíì fi ara mi sùn rí. Oògùn kékeré kan wà, ó pọ́n bí ẹyin adìyẹ láàárín, Tàjùdéèn oníkẹ́míìsì ló ń tà á fún mi. Ẹyọ kan, lẹ́yìn tí mo bá kírun alẹ́. Ẹ̀yin ọmọ ń sọ kiri pé ìyá yín ń sùn bí òkúta, mo sì jẹ́ kí ẹ máa sọ ọ́. Mo fi ìyá Oyètúndé ṣe yẹ̀yẹ́ níbi ìsọmọlórúkọ lójú gbogbo èèyàn, mo ní àwọn obìnrin kan ń jẹ oògùn oorun bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Èmi tí mo ní tèmi ní ìṣẹ́tí ìró! Nínú ọkàn mi, n kò pè é ní oògùn oorun rí. Oògùn ara ríro ni mo ń pè é.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú iná ẹlẹ́ẹ̀kejì, ọwọ́ Àrìnpé ń gbọ̀n. Kò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó di etí ìró mi mú, ó ń wo ọ̀nà yàrá tí wọ́n ti ń fi iná sí i. Ta ni yóò rí i tí yóò kàn jókòó? Mo lọ ẹyọ kan nínú tèmi, mo pò ó mọ́ oyin, mo fi ṣíbí fi sí i lẹ́nu, ó gbé e mì. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀. Láti ìgbà náà, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni. Tó bá ku ọ̀la kí wọ́n fi iná sí i, mo ń lọ ẹyọ méjì. Mo rò pé àánú ni mo ń ṣe.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá yìí ni ojú mi là. Obìnrin kan sáré wọlé láti Ẹ̀rìn-Ilé, ó gbé ọmọbìnrin rẹ̀ tí kò tíì pé ọdún méjì, ara ọmọ náà gbóná janjan, gìrì ti mú un, ojú rẹ̀ ti yí. O mọ̀ pé láti ìgbà ìjà ilẹ̀ ìlú wọn àti tiwa yẹn, èmi àti ará Ẹ̀rìn kì í kí ara wa. Ṣùgbọ́n kò sí ọwọ́ mìíràn nítòsí, èmi ni mo di ẹsẹ̀ ọmọ náà mú. Roseline mú abẹ́rẹ́ wá, Dókítà gún un. N kò tíì mí tán tí gìrì fi dáwọ́ dúró, ọmọ náà sì bú sẹ́kún. Ìyá rẹ̀ ń dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Mo bi Roseline pé, "Kí lẹ fún un tó yá báyìí?" Ó ní, "Fálíọ̀mù ni, Ìyá. Kò sí gìrì tí kì í pa." Ó ju ìgò kékeré náà sínú àwo. Mo mú un, mo wo àkọlé rẹ̀. Mo lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, mo tú ìṣẹ́tí ìró mi, mo fi páálí oògùn tèmi tì í. Mo fi ìka tọ àwọn lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́fà lọ́tùn-ún, mẹ́fà lósì, kò sí èyí tó yàtọ̀.

Ohun tí Dókítà ń fi iná pè, èmi ni mò ń fi oyin pa á.

O rò pé mo sáré lọ sọ? N kò lọ. Mo ní màá kàn dáwọ́ dúró ni, ta ni yóò mọ̀? Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, n kò fún un. Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, n kò fún un. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, mo dì í mú, mo ń sọ ọ̀rọ̀ bàbá yín fún un. Ṣùgbọ́n nǹkan kan kò jẹ́ kí n gbádùn. Dókítà ti ní òun máa gbé iná dé òpin. Oògùn tí mo fún un ló mú kí iná kékeré má ràn án. Bí oògùn náà bá ti ń kúrò lára rẹ̀, tí ọkùnrin yìí kò mọ̀, tó wá fi gbogbo agbára ẹ̀rọ lé orí ọmọ tó ti gbẹ báyìí ńkọ́? Mo rìn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn títí Roseline fi ní, "Ìyá, kí lẹ sọnù?" Mo ní kó lọ máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Lánàá, Ọjọ́bọ̀, wọ́n ti tẹ́ Àrìnpé sílẹ̀, wọ́n ti di ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Mo gbé páálí náà lé orí ẹ̀rọ. Mo ní, "Dókítà, ẹ dúró. Tèmi ni. Mo ti ń fún un."

Ó wo páálí, ó wò mí. "Mélòó, Mama? Láti ìgbà wo?"

Mo sọ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú rọ́bà ẹsẹ̀ náà. "Ká ní mo tẹ̀ ẹ́ báyìí ni . . ." Ó ní oògùn náà kì í tètè kúrò lára, pé a ó dúró di ọjọ́ Ajé. Mo rò pé ó ti tán. Ó tún ní, "Ẹ̀yin gan-an ńkọ́? Orúkọ ta ni oníkẹ́míìsì kọ sórí páálí yìí?"

Gbádé, níwájú Roseline àti nọ́ọ̀sì méjì mìíràn ni mo ti sọ pé tèmi ni, ọdún kọkànlá. Mo ń retí kí ẹnì kan rẹ́rìn-ín kí n lè fi ìjà bọ́ nínú ìtìjú. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Dókítà ní kí n má ṣe fi í sílẹ̀ lójijì, pé kí n máa lo ààbọ̀, òun náà ni yóò máa bá mi dín in kù.

Bó ṣe rí nìyí títí di òní. Omi ṣíbí mẹ́rin ni Àrìnpé mu láti àárọ̀. Mo ń jókòó, mo ń dìde. Tí ọmọ yìí bá kú kí ọjọ́ Ajé tó dé, ọwọ́ mi ló kú sí, n kò sì tíì lè sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀. Omi tí wọ́n fà sí i lára ti fẹ́ tán, jẹ́ kí n lọ pè wọ́n.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

N kò fi ìwé yìí ránṣẹ́ o. N kò fẹ́ kí o ka ìdajì ọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni mo sọ fún Oyètúndé. Kò bá mi jà. Ó jáde, ó dúró lẹ́bàá kànga fún ìgbà pípẹ́, ó padà wọlé ó sì bi mí bóyá mo ti jẹun. Ìyẹn dùn mí ju ìjà lọ.

Àná, Dókítà yí iná náà wálẹ̀, ó wálẹ̀ gan-an ju ti àtijọ́. Ó jẹ́ kí n wọlé, ó ní kí n má kàn dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn mọ́. Wọ́n gún un, wọ́n di ẹsẹ̀, wọ́n fún un ní èémí. Ó tẹ̀ ẹ́. Ní àkọ́kọ́, kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ le gbọingbọin, ó sì bẹ̀rẹ̀. Mo ń yí ìlẹ̀kẹ̀. Mẹ́wàá, ó ń gbọ̀n. Ogún, ó ń gbọ̀n. Mo kọjá ọgbọ̀n, òógùn mú kí okùn máa yọ̀ lọ́wọ́ mi. Mọ́kànlélógójì ni mo kà kó tó rọlẹ̀. Dókítà ní aago òun sọ mẹ́rìnlélógójì. Roseline dì mọ́ mi, mo jẹ́ kó dì mọ́ mi.

Nígbà tí Àrìnpé jí, kò mọ ọjọ́, kò mọ ibi tó wà. Dókítà ní bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí, pé àwọn ọ̀sẹ̀ kan lè ṣú mọ́ ọn lójú. Ní ọ̀sán, èmi àti ẹni tó ń gbálẹ̀ ń jà lórí fèrèsé, mo ní kó tì í, ó ní ooru ń mú. Mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi, ó há bí ohùn ẹni tí òùngbẹ pa: "Ìyá, ariwo yín pọ̀."

Mo yíjú padà. Ọmọ mi ló ń wò mí.

Mo bu ògì díẹ̀ fún un, ó mu ún. N kò lè pa á mọ́, mo jókòó tì í, mo sọ gbogbo rẹ̀, oyin, páálí, irọ́ tí mo pa fún Dókítà, ọdún kọkànlá. Mo ní nítorí mi ló fi ń ṣàìsàn fún ọ̀sẹ̀ méjì tí kò yẹ. Ó gbọ́ ọ. Ó ní, "Ọdún kọkànlá, Ìyá? Ẹ ò sì sùn?" Ó sún lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ọwọ́ lu ibi tó ṣófo. "Ẹ dùbúlẹ̀."

Mo ní n kò lè sùn lọ́sàn-án gangan. Ó ní, "Mo ní ẹ dùbúlẹ̀." Mo dùbúlẹ̀ kó lè dákẹ́ ni. Nígbà tí mo lajú, oòrùn ti wọ̀. Ìró tirẹ̀ ló fi bò mí, òun ló jókòó tì mí, ó ń lé eṣinṣin.

Ara rẹ̀ kò tíì yá tán, má sọ ọ́ káàkiri. Dókítà ní ó ṣì ku ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n á fi iná sí i. Àárọ̀ yìí, ó tún dákẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó bèèrè ọmọ rẹ̀, Oyètúndé sì ti gba Ìjàgbó lọ láti gbé e wá. Nítorí náà tí o bá ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, máa bọ̀, ṣùgbọ́n wá bẹ àbúrò rẹ wò ni. Tí o bá gbìyànjú láti gbé e sínú mọ́tò, èmi náà á dùbúlẹ̀ síwájú rẹ̀, o sì mọ̀ pé n kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣeré.

Kí Ọlọ́run má fi àìsàn wọ ilé rẹ. Kí Ó fún ọ ní ẹni tí yóò gbọ́ tìrẹ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wúwo lẹ́nu rẹ. Kí àwọn ọmọ rẹ máa ṣe sí ọ bí àbúrò rẹ ti ṣe sí mi lánàá. Àmín.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Àṣàbí.

Mo tún rántí: má jẹ́ kí ìyàwó rẹ ka ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ oorun mi. Tàbí kó kà á. Mo ń lọ sọ ọ́ fún ìyá Oyètúndé fúnra mi nígbà tí òun àti Oyètúndé bá gbé ọmọ dé, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣáájú mi débẹ̀.